Oyún Ṣíṣẹ́: Òfin Kò Rí Bákan Náà Láti Kútọ̀ Dé Ìlọrin

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun tó fi ilé ọmọ ṣe ibùgbé ààbò fún wa kí a tó dé ilé ayé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin arábìnrin àti arákùnrin wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ sókè níbi Àsàláátù. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń bi wá. Ìyá kan á fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ kan á dúró títí gbogbo èèyàn á fi lọ tán. Ìbéèrè wọn kì í ju mẹ́ta lọ: Ṣé òfin gbà á? Ṣé ẹ̀sìn gbà á? Ṣé ẹ̀mí ẹni náà kò ní lọ sí i? Nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń wà, àhesọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn mọ̀. Àhesọ yìí sì ti pa ìyá mìíràn tí kò yẹ kó kú.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan mú ọ̀rọ̀ náà. Ká ní bàbá kan wà ní Kútọ̀ níhìn-ín tó bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ní ìsọ̀ nínú ọjà Kútọ̀. Èkejì fẹ́ ọkọ sí Ìkẹjà. Ẹ̀kẹta bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóyún. Kí Ọlọ́hun má fi irú rẹ̀ kàn wá, dókítà wá sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé àìsàn wà nínú ọkàn rẹ̀, àti pé ọkàn náà lè má lè gbé oyún yìí dé òpin. Bàbá kan ló bí wọn, èdè kan ni wọ́n ń sọ, ẹ̀sìn kan ni wọ́n ń ṣe, orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n wà. Síbẹ̀, ìwé òfin tí dókítà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Orílẹ̀-èdè kan, ìwé òfin méjì

Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní agbára láti ṣe tirẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìwé ńlá méjì ni púpọ̀ nínú wọn sì jogún. Ìhà gúúsù jogún èyí tí wọ́n ń pè ní Criminal Code. Òkè Ọya jogún Penal Code.

Kò sí èyí tí a kọ nílẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì. Criminal Code tẹ̀lé ìwé òfin tí adájọ́ Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Òkè Ọya ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ gbé e dé ní 1904, wọ́n sì tẹ́ ẹ káàkiri Nàìjíríà ní 1916. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ẹ má gbàgbé pé títí di 1914 ni Abẹ́òkúta ṣì ní ìjọba tirẹ̀, lábẹ́ àdéhùn tí a bá òyìnbó ṣe ní 1893. Lẹ́yìn ìjà Ìjemọ̀ ọdún 1914 ni òmìnira náà bọ́ lọ́wọ́ wa, ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn sì ni ìwé òfin yìí dé bá wa.

Nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kù sí dẹ̀dẹ̀, Òkè Ọya yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ Criminal Code. Wọ́n ṣe Penal Code ní 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Òfin Sudan ni wọ́n wò kọ ọ́, òfin Íńdíà sì ni Sudan wò kọ tirẹ̀. Ohun tó yẹ kí á fi sọ́kàn ni pé ààlà Òkè Ọya àtijọ́ kò tẹ̀lé ààlà èdè. Ìlọrin àti Ọ̀fà wà lábẹ́ Penal Code nítorí pé Òkè Ọya ni wọ́n kà wọ́n mọ́. Ìkìrun, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà rárá, wà lábẹ́ Criminal Code. Yorùbá ni ẹni tó kúrò ní Ìkìrun lọ sí Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ Yorùbá ló sì lọ, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn.

Òfin tó wà lórí ọmọ Kútọ̀

Nínú Criminal Code, abala mẹ́ta ló sọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ gan-an. Abala 228 dá ẹni tó fẹ́ bá obìnrin ṣẹ́ oyún lẹ́bi, ìbáà ṣe oògùn ló lò tàbí irinṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ẹ sì gbọ́ eléyìí dáadáa: òfin náà sọ pé bí obìnrin náà bá lóyún, bí kò sì lóyún, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ohun tí onítọ̀hún ní lọ́kàn láti ṣe ni wọ́n máa wò. Abala 229 kan obìnrin náà fúnra rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Abala 230 kan ẹni tó ta oògùn tàbí tó yá ni ní irinṣẹ́, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni tirẹ̀. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ní kẹ́míìsì àti ẹ̀yin ẹlẹ́wé-ọmọ fi etí sí èyí o.

Ṣé òfin náà kò wá fi àyè kankan sílẹ̀ ni? Ó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló fi í sí. Abala 297 sọ pé bí ẹnì kan bá fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lórí ọmọ inú oyún láti dá ẹ̀mí ìyá sí, tí ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu nígbà tí a bá wo ipò tí aláìsàn náà wà, kò jẹ̀bi.

Kí ni a ń pè ní "ẹ̀mí ìyá"? Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1938 ni àwọn agbẹjọ́rò ìhà gúúsù máa ń tọ́ka sí. Dókítà kan tó ń jẹ́ Aleck Bourne ṣẹ́ oyún fún ọmọbìnrin ọdún 14 tí àwọn ọmọ ogun fi ipá bá lò pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá pé òun ti ṣe é. Adájọ́ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ ẹjọ́ náà pé bí dókítà bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá láti gbàgbọ́ pé oyún náà máa ba ara tàbí ọpọlọ obìnrin náà jẹ́ pátápátá, wọ́n lè kà á sí pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ń dá sí. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti máa ń wo ìdájọ́ yìí tí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́ lọ́dọ̀ wa.

Òfin tó wà lórí ọmọ Ìlọrin

Abala 232 nínú Penal Code kò fi àyè sílẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Inú gbólóhùn kan náà ló ti sọ ọ́: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú kí oyún bàjẹ́ lára aláboyún, bí kì í bá ṣe pé ó fi òótọ́ inú ṣe é láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 ni, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, owó ìtanràn lè gba ipò ẹ̀wọ̀n. Èkejì, obìnrin tó lóyún lóòótọ́ ni òfin náà ń sọ. Ẹ̀kẹta, "gbígba ẹ̀mí là" ni ó kọ sílẹ̀ ní tààrà, nítorí náà ó ṣòro láti na ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí ẹjọ́ Bourne na tiwa dé.

Òfin Òkè Ọya tún ro ohun méjì mìíràn já. Abala 233 sọ pé bí obìnrin náà bá kú níbi tí wọ́n ti ń bá a ṣẹ́ oyún, ìyà náà le sí i, bí wọ́n bá sì ṣe é láìjẹ́ pé obìnrin náà fọwọ́ sí i, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Abala 234 sì wà fún àwọn ọkọ tí ọwọ́ wọn yá jù. Ẹni tó bá fi agbára lu obìnrin, tí oyún sì tipa bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, kódà bí kò ní in lọ́kàn, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lè kàn án. Bí ó bá mọ̀ pé obìnrin náà lóyún, ó lè di ọdún 5.

Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìlànà tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì

Ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tuntun fún ara rẹ̀. Wọn kò sọ oyún ṣíṣẹ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe bó ṣe wù ú, ìyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí tiwa ti sọ pé "ẹ̀mí ìyá", tiwọn fi ìlera ara rẹ̀ kún un. Nítorí náà, ọmọbìnrin tó wà ní Ìkẹjà nínú àpẹẹrẹ wa kò ní láti dé ẹnu ikú kí dókítà tó lè gbèrò ohun tó máa ṣe.

Kíkọ òfin sínú ìwé yàtọ̀ sí kí dókítà mọ bí òun ṣe máa lò ó. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan jáde fún àwọn oníṣègùn ní 2018 lórí ibi tí òfin ti gbà á. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2022, Èkó náà gbé tirẹ̀ jáde. Ariwo ta. Àwọn kan ní ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ gbà sọ oyún ṣíṣẹ́ di ẹ̀tọ́, pàápàá àwọn aṣáájú ìjọ Kátólíìkì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi dá ìlànà náà dúró. Òfin 2011 kò yí padà, àlàyé rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn dókítà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ímò ṣáájú ìyẹn: òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí ìwà ipá ní abala tí wọ́n ní ó ṣí ilẹ̀kùn fún oyún ṣíṣẹ́, nígbà tí ó sì di 2013, wọ́n ti fagi lé e.

Ní ti obìnrin tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, kò sí èyíkéyìí nínú Criminal Code àti Penal Code tó dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àyè wà fún. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Maputo ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní 2004, ìyẹn èyí tó dárúkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin wa kò sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá sì gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, òfin ibẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá: ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn aṣòfin wọn fi àyè gbà á títí dé ọ̀sẹ̀ 12 fún ẹni tí oyún náà máa kó sínú ìnira ńlá.

Òfin Ọlọ́hun ńkọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹnubodè kò sọ harámù di halálì. Mùsùlùmí kò lè wọkọ̀ lọ wá fàtúwà ní Kútonu. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ wa sọ, kí á má fi kún un, kí á má sì yọ kúrò níbẹ̀.

Nínú Súrà Al-Isrā', ẹsẹ 31, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì, Ó sì ṣèlérí pé Òun ni yóò pèsè fún wọn àti fún àwa. Nínú Súrà Al-Mu'minūn, ẹsẹ 12 sí 14, Ó ṣàlàyé bí Ó ṣe ń mọ ọlẹ̀ ní ìpele ìpele. Hádíìsì Ibn Mas'ūd, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, fi hàn pé lẹ́yìn ogójì ọjọ́ lọ́nà mẹ́ta ni málékà ń wá fẹ́ ẹ̀mí sí i. Èyí ni 120 ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ.

Lẹ́yìn 120 ọjọ́, àwọn mazhabi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fohùn ṣọ̀kan pé harámù ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní kò yọ nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀ àyàfi tí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu tó dájú. Kí ó tó pé 120 ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀. Mazhabi Māliki tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá ló le jù: èyí tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni pé kò tọ́ láti yọ ọ́ kódà kí ó tó pé ogójì ọjọ́, bí nǹkan bá ti dúró nínú ilé ọmọ. Àwọn kan nínú Hanafi gbà á láyè kí ó tó pé 120 ọjọ́ bí ìdí pàtàkì bá wà, àwọn kan nínú Hanbali sì gbà á láàárín ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní 1990, ìgbìmọ̀ onímọ̀ fíkíhì ti Muslim World League ní Mẹ́kà pinnu pé bí àwọn dókítà tó ṣeé fọkàn tán bá jẹ́rìí pé àbùkù ńlá tí kò ní àtúnṣe wà lára ọlẹ̀, àyè wà kí ó tó pé 120 ọjọ́ bí àwọn òbí bá béèrè fún un. Lórí obìnrin tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, àwọn onímọ̀ bíi Shaykh Yusuf al-Qaradawi fi àyè sílẹ̀ kí ó tó pé 120 ọjọ́, nígbà tí ìbéèrè wá láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Bosnia tí ogun ká mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé kan níbi yìí, nítorí ó ti da ọ̀pọ̀ ìdílé rú. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ni dókítà fi ń ka oyún. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ń kà á láti ìgbà tí oyún dúró, èyí sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, 120 ọjọ́ ti ẹ̀sìn bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 19 nínú káàdì ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ bi Àáfà ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ mú káàdì náà dání, kó sì sọ èyí tó ń kà.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ 12 tó gbé òfin Ṣẹ̀ríà kalẹ̀ ní Òkè Ọya láti ìgbà tí Zamfara ti bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ilé ẹjọ́ Ṣẹ̀ríà náà lè dá Mùsùlùmí lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà nídìí ìdájọ́ náà nínú fíkíhì ni ghurra, owó ẹ̀san fún ọlẹ̀. Ìgbà ayé Ànábì ló ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin méjì nínú ẹ̀yà Hudhayl jà, ọ̀kan sọ òkúta lu èkejì, òun àti oyún inú rẹ̀ sì kú. Ànábì pàṣẹ kí wọ́n san ẹ̀san ọ̀tọ̀ fún ìyá, kí wọ́n sì san ọ̀tọ̀ fún ọlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀: ọlẹ̀ ní iye lójú Ọlọ́hun, ìyá náà sì ní iye tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan tó gbàgbé èkejì kò tíì mọ ẹ̀kọ́ náà.

Ewu tí òfin kò lè dá dúró

Òfin le, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ṣe é. Ìwádìí tí àwọn olùwádìí ṣe fojú bù ú pé oyún tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1996 tó 610,000, ní 2012 ó ti tó mílíọ̀nù 1.25. Nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́ ni wọ́n ń bọ́ sí. Àwọn kan ń mu omi kánún tàbí àgbo tó gbóná janjan. Àwọn kan ń ki igi tàbí wáyà sí ojú ara. Àwọn mìíràn ń ra oògùn ní kẹ́míìsì láìsí ẹni tó wò wọ́n. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni kí ilé ọmọ lu, kí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí kíndìnrín dẹ́kun iṣẹ́, tàbí kí ojú ọ̀nà ọmọ dí pa títí ayé.

Àwọn àìsàn kan sì wà tó jẹ́ pé dídúró ló ń pa ìyá. Bí oyún bá dúró sí ẹ̀yìn ilé ọmọ, kò lè di ọmọ láéláé. Ó lè bẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 10, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ikùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Iṣẹ́ pàjáwìrì ni. Kò sí òfin ilẹ̀ yìí tó dí dókítà lọ́wọ́, kò sì sí Àáfà tó mọ ohun tó ń ṣe tó máa ní kí wọ́n dúró. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún, tí ń wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ṣe bàìbàì, ìrora lábẹ́ ìhà, ojú àti ọwọ́ tó wú. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, ó lè di gìrì.

Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí kí ó yé gbogbo wa: ìtọ́jú obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn nínú ìwé òfin kankan, ì báà ṣe pé ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ì báà ṣe pé ẹnì kan ló ṣẹ́ ẹ. Fífún un lẹ́jẹ̀, fífọ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́, fífún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò, iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá ti ṣe ohun tí kò dára, gbé e dé ilé ìwòsàn kí o tó bá a wí. Ìbáwí lè dúró di ọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kò ní dúró. Kí ẹ sọ òótọ́ ohun tó lò fún dókítà, nítorí irọ́ lè jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn tí kò bá a mu.

Ẹ má jókòó sílé bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí:
1. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì ńlá méjì láàárín wákàtí kan, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn wákàtí méjì.
2. Ibà tàbí òtútù tó ń gbọ̀n ní jìgìjìgì.
3. Omi tó ń rùn láti ojú ara.
4. Inú rírun tó le, tàbí ikùn tó le gbagidi.
5. Òòyì, dídákú, tàbí ìrora ní èjìká pẹ̀lú inú rírun.

Láti Kútọ̀, Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìjàyè àti Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà kò jìnnà. Ẹ má kọ́kọ́ gba ibi tí wọ́n ti ń sọ fún yín pé ẹ máa bọ̀ lọ́la.

Ìmọ́tótó àti ìjọsìn lẹ́yìn tí oyún bá bàjẹ́

Kí ó máa pààrọ̀ páàdì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ó pẹ́ tán wákàtí mẹ́fà. Kí ó máa fi omi lásán fọ òde ojú ara, kí ó má fi ọṣẹ, òórùn dídùn tàbí omi ewé fọ inú rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ yàgò títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Nínú mazhabi Māliki, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni a ka ẹ̀jẹ̀ yìí sí. Kò ní kírun, kò ní gbààwẹ̀, ìgbà tó pẹ́ jù lọ sì ni 60 ọjọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ó wẹ ìwẹ̀ ọ̀ràn-anyàn, kí ó padà sídìí ìrun. Kò sí pé ó gbọ́dọ̀ dúró di ogójì ọjọ́. Ní ti ọlẹ̀ tó wálẹ̀, ẹ má jù ú sí ààtàn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ẹ sì sin ín. Ẹ bi Lèmọ́mù àdúgbò yín nípa èyí tó kù, nítorí ọjọ́ orí oyún náà ló ń pinnu rẹ̀.

Obìnrin náà lè tún lóyún kíákíá, kódà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ó tó rí nǹkan oṣù rárá. Nítorí náà, kí òun àti ọkọ rẹ̀ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Àwọn sàábé ṣe azl, ìyẹn kí ọkùnrin fà sẹ́yìn kí àtọ̀ tó dà, nígbà tí Àlùkùránì ṣì ń sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jābir ṣe sọ, wọn kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Fífi àlàfo sáàárín ọmọ yàtọ̀ gédégédé sí ṣíṣẹ́ oyún tó ti dúró. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń bọ́ sínú wàhálà yìí, àìtètè béèrè ìyẹn ló fà á.

Bí wọ́n bá sì fi ipá bá ọmọ yín lò pọ̀, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó má tíì wẹ̀. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró sì ń ṣiṣẹ́ títí dé ọjọ́ márùn-ún, bí ó ti yá sí ni ó ti dára sí. Èyí kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́, nítorí oyún kò tíì dúró. Ẹni tó bá tètè lọ kò ní bá ara rẹ̀ níwájú ìbéèrè tó le jù ìyẹn.

Kí ni kí bàbá Kútọ̀ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn. Ti Kútọ̀ àti ti Ìlọrin, òfin fi àyè sílẹ̀ níbi tí ẹ̀mí wọn bá wà nínú ewu. Ti Ìkẹjà, àyè náà fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀mí ìyá tó wà láàyè, tí ọkọ, ọmọ àti òbí gbẹ́kẹ̀ lé, ni gbòǹgbò, ọlẹ̀ ni ẹ̀ka. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, gbòǹgbò ni a ń dá sí.

Ẹ̀rí tó dájú ló yẹ kí wọ́n wá. Kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ dókítà méjì ó kéré tán, kí ó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Kí ọkọ, ìyàwó àti òbí gbé ìwé náà lọ bá Àáfà tó mọ fíkíhì, kì í ṣe èyí tó mọ ohùn wàásù nìkan. Bí àyè bá wà, kí wọ́n bi agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, kí ẹnikẹ́ni má ní kí dókítà dúró de Àáfà. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló kọ̀ fún wa, nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 195, láti fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé
1. Ta ni ọmọbìnrin wa lè sá tọ̀ nínú ilé yìí bí ó bá bọ́ sínú wàhálà, láìbẹ̀rù pé a máa lé e jáde?
2. Ǹjẹ́ a mọ ọjọ́ orí oyún tó wà nínú ilé wa nísinsìnyí, gẹ́gẹ́ bí káàdì ṣe sọ?
3. Ta ló ní ọkọ̀, ta ni a máa pè bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ lóru?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti oyún ṣíṣẹ́?

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí á fi ìyá sọfà, má jẹ́ kí á fi ọmọ sọfà. Bo àwọn aláboyún wa, sọ wọ́n kalẹ̀ ní ọ̀rọ̀ọ̀rún. Fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ní ọgbọ́n, fún àwọn aṣòfin wa ní òye, kí O sì foríjin àwọn tó ti ṣìnà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Rẹ. Àmín, yá Rábì.